Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn nọ́ọ̀sì ìwọ̀-oòrùn Kogi: ẹ ní kí ọmọ náà dìde dúró

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin agbẹ̀bí, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera gbogbo ní àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé wa, láti Kàbbà dé Ìsánlú, láti Ìyàrà dé Mọ́pà, títí lọ dé Ẹ̀gbẹ́,

Ọ̀kun o. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú ìdúró pẹ̀lú, nítorí mo mọ̀ pé orí ìdúró ni ilẹ̀ ti ń mọ́ bá yín, orí rẹ̀ náà ló sì ń ṣú bá yín. Ọ̀rọ̀ ìdúró náà ni mo bá wá, ọ̀rọ̀ àìsàn kan tó ń mú ọkàn sáré bí ènìyàn bá dìde dúró.

Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, àwọn kan nínú yín sì gba ọwọ́ mi kọjá ní kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èmi kì í ṣe dókítà. Àìsàn ọmọ mi ló kọ́ mi ní ohun tí mo mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí, pẹ̀lú ìbéèrè tí mo ń béèrè kiri àti ìwé tí mo ń kà ní òru. Ohun kan ṣoṣo ni mo wá tọrọ. Bí ọ̀dọ́ kan bá wá bá yín, pàápàá ọmọbìnrin, tó ní òòyì ń kọ́ òun, tó ní àyà òun ń lù kìkìkì, tó ní ó ń rẹ òun láìṣe iṣẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ kó padà sílé pẹ̀lú bípì tí ẹ wọ̀n fún un lórí àga nìkan. Ẹ ní kó dùbúlẹ̀, kí ẹ ka ìlù ọkàn rẹ̀. Ẹ wá ní kó dìde dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún un kà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dé ibi ọ̀rọ̀ yìí.

Àbígbẹ̀yìn mi jẹ́ ọmọ ọdún 17 nígbà tí ibà kan dá a dùbúlẹ̀ ní ìgbà ọyẹ́, ní òpin ọdún 2022. Ọ̀sẹ̀ kan ni ibà náà lò, ó sì lọ, ṣùgbọ́n agbára ọmọ náà kò bá a padà. Nígbà tí ilé ìwé wọlé, ó dìde lórí ibùsùn ní àárọ̀ Mọ́ńdè, ó di ògiri mú, ó ní, "Mọ́mì, ilẹ̀ ń yí." Mo ní ebi ni. Mo bu ẹ̀kọ fún un, mo fi àkàrà tì í. Wọn ò tíì kọ orin orílẹ̀-èdè tán lórí asẹ́ńbílì tí ẹnì kan fi sáré wá pè mí pé ó ti ṣubú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ní kó tó ṣubú, ó kọ́kọ́ yíjú padà, ó ní òun ò gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn dáadáa mọ́, ó dà bíi pé orí òun wà nínú ìkòkò.

Ibi tí a kọ́kọ́ gbé e lọ, n kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ẹjọ́ kọ́ ni mo wá rò. Wọ́n fi í jókòó, wọ́n wọn bípì rẹ̀: 110 lórí 70. Wọ́n ní ó dára. Wọ́n ka ìlù ọkàn rẹ̀ lórí ìjókòó: 78. Wọ́n ní ó dára. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó. Wọ́n gba ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n ní kò lóyún, bí wọ́n sì ṣe kọ́kọ́ wo ojú èmi ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ dun ọmọ náà ju abẹ́rẹ́ lọ. Wọ́n kọ òògùn ibà àti ti taifọ́ọ̀dù fún un, wọ́n sì fa dírípù méjì sí i lára.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbi dírípù yìí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo wa ti ṣìnà. Lẹ́yìn dírípù, ara ọmọ náà yá. Odidi ọjọ́ méjì ló fi gún iyán, tó fọ aṣọ, tó ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa ní, "Ẹ ò rí i, ibà ni." Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ti padà sórí ibùsùn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a lọ tí a bọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin náà ni dírípù gbé e dìde tó sì tún wó lulẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè nínú wa pé kí ló ṣiṣẹ́ nínú ọ̀rá yẹn gan-an, ṣé òògùn tí wọ́n dà sí i ni, àbí omi òun iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ọmọ tí ara rẹ̀ ń yá nítorí omi òun iyọ̀, tó ń wó nígbà tí omi òun iyọ̀ bá tán lára rẹ̀, ó ti ń sọ orúkọ àìsàn rẹ̀ fún wa. A ò gbọ́.

Ohun tí àwọn ènìyàn sọ, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Àwọn kan ní ẹlẹ́gbẹ́ ni. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni, pé ṣebí ara rẹ̀ le nígbà tó bá jókòó ti fóònù. Ní ilé ìwé rẹ̀, olùkọ́ kan ní kó dúró síwájú gbogbo kíláàsì torí pé kò wá sí asẹ́ńbílì, ó sì dúró títí ojú rẹ̀ fi ṣú. Inú bí mi gidigidi. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo wá rántí iye ọmọ tí èmi náà ti ní kí wọ́n dúró lójú oòrùn ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ tíṣà. Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tó máa ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun kúnlẹ̀ dípò kí òun dúró. Mo rò pé ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni. Títí di òní, n ò mọ̀ bóyá òun náà ń ṣàìsàn. Bó bá ń ka èyí, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Oṣù kẹjọ ọdún 2023 la gbé ọmọ mi dé Ìlọrin. Dókítà obìnrin kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti àkọ́bí mi lọ gbọ́ ìtàn náà tán, kò kọ òògùn kankan. Ó ní kí ọmọ náà dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, kó má sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ó ka ìlù ọkàn rẹ̀: 72. Ó ní kó dìde, kó fi ẹ̀yìn ti ògiri, kó fà gìgísẹ̀ kúrò lára ògiri díẹ̀, kó má mi ẹsẹ̀. Ní ìṣẹ́jú kìíní, 104. Ní ìṣẹ́jú karùn-ún, 116. Ní ìṣẹ́jú kẹwàá, 121. Bípì kò já wálẹ̀: 112 lórí 76. Ọwọ́ ọmọ náà ń gbọ̀n, òógùn ń sọ̀ níwájú orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ fáànù ń fẹ́ sí i lára. Dókítà tẹ̀ ba, ó ní kó gbé ẹsẹ̀ kan sókè díẹ̀, ó pè mí kí n wá wò ó. Dúdú ni àwa, ẹsẹ̀ wa kì í fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn kíákíá, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tó máa ń pọ́n ti di àwọ̀ aṣọ tí a rì sínú aró lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ní kó padà dùbúlẹ̀. Kò pẹ́ tí ìlù ọkàn rẹ̀ fi bọ̀ sí 76, tí àtẹ́lẹsẹ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

Aago ọwọ́, ẹ̀rọ bípì, ògiri, bẹ́ẹ̀dì. Ṣé ilé ìwòsàn kan wà ní ilẹ̀ Yàgbà tàbí Bùnú tí kò ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?

Orúkọ tí wọ́n ń pe àìsàn náà ni postural tachycardia syndrome, POTS ni wọ́n ń gé e kúrú sí. Nínú ilé tiwa, àìsàn ìdúró là ń pè é. Ọdún 1993 ni Ronald Schondorf àti Phillip Low, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, tò ó sábẹ́ orúkọ yìí pẹ̀lú òṣùwọ̀n tó dájú, àmọ́ ohun tó jọ ọ́ ti wà nínú ìwé tipẹ́. Ní 1871, dókítà kan tó ń jẹ́ Da Costa kọ nípa àwọn ọmọ ogun tó ja ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, tí ọkàn wọn ń sáré, tó ń rẹ̀ wọ́n, tí òòyì ń kọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ kò rí àbùkù kankan nínú ọkàn náà fúnra rẹ̀.

Bí mo ṣe lóye rẹ̀ rèé, kí ẹ tún un ṣe fún mi níbi tí mo bá ti ṣì í. Bí ènìyàn bá dìde dúró, ilẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó tó omi inú ọ̀rá píọ̀wọ́tà kan sí ọ̀kan àbọ̀ ń ṣàn lọ sí ẹsẹ̀ àti ikùn ní ojú ẹsẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kan wà lára òpó ẹ̀jẹ̀ ọrùn àti lára òpó ńlá tó jáde láti inú ọkàn, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa sọ fún ìdí ọpọlọ pé ẹ̀jẹ̀ ń dín kù lókè. Ìdí ọpọlọ kì í bi wá léèrè. Ó ní ètò iṣan kan tó ń darí ara láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wa, òun kan náà ló ń mú wa làágùn, tó ń mú oúnjẹ rìn nínú ìfun. Nípasẹ̀ ètò yìí, ó ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ àti ti ikùn pọ̀, bí ẹni fi ọwọ́ fún rọ́bà omi, kí ẹ̀jẹ̀ lè gun òkè padà. Ó sì ń dẹ ìjánu tó fi di ọkàn mú, kí ọkàn lè yára díẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, gbogbo rẹ̀ ti parí. Ẹni tí ara rẹ̀ dá kò mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Lára irú ọmọ mi, ìgbésẹ̀ kan nínú wọn kò pé. Ní ti àwọn kan, iṣan tó yẹ kó fún òpó ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ ti rọ. Ní ti àwọn mìíràn, omi ara àti ẹ̀jẹ̀ kò tó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ti àwọn kan, èròjà tí ara fi ń ta ara lólobó, èyí tí wọ́n ń pè ní noradrenaline, ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ bí wọ́n bá ti dìde. Àwọn mìíràn ní méjì tàbí mẹ́ta pọ̀. Èyí ó wù kó jẹ́, ọkàn ni ẹrù máa ń já lé lórí. Ó ń sáré láti fi ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tó délé ṣe iṣẹ́ gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò ọkàn lórí bẹ́ẹ̀dì fi máa ń dára. Òṣìṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ ẹlòmíràn mọ́ tirẹ̀ ni ọkàn náà, ara rẹ̀ dá.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé ìpayà ni, mo bẹ̀ yín, ẹ gbọ́ èyí. Èròjà tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n nígbà tí a bá rí ejò lójú ọ̀nà, ọ̀kan náà ni pẹ̀lú èyí tí ara ń tú jáde nígbà tó bá ń tiraka láti gbé ẹ̀jẹ̀ gun òkè. Torí náà ni wọ́n fi jọra. Ṣùgbọ́n ìpayà kì í dúró de ìgbà tí ènìyàn bá dìde kó tó dé, kì í sì í ṣe pé ẹni tó ń bẹ̀rù bá ti sùn gbalaja, ẹ̀rù á lọ. Ẹ bi ọmọ náà: "Bó o bá dùbúlẹ̀ ńkọ́?" Bó bá ní, "Bí mo bá dùbúlẹ̀, ó ń lọ," ẹ ti rí ìdí okùn mú. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019 lórí àwọn aláìsàn tó lé ní 4,000, tí obìnrin pọ̀ jù nínú wọn, fi hàn pé ìdajì wọn lo ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe wọ́n, àwọn tí wọ́n sì kọ́kọ́ sọ fún pé ọ̀rọ̀ inú ọpọlọ ni kò kéré. Àwọn tó wà ní ìlú tí dókítà pọ̀ sí nìyẹn.

Òṣùwọ̀n náà kò le. Fún àgbàlagbà, bí ìlù ọkàn bá fi 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gòkè láàárín ìṣẹ́jú 10 tó dìde, ẹ fura. Fún ọmọ ọdún 12 sí 19, 40 ni ẹ máa wò, nítorí ọkàn ọ̀dọ́ máa ń fò ju ti àgbà lọ. Bípì kò gbọdọ̀ já: bí ti òkè bá fi 20 wálẹ̀, tàbí ti ìsàlẹ̀ fi 10, ọ̀nà mìíràn nìyẹn, ẹ wá a lọ síbẹ̀. Àárọ̀ ló dára jù láti ṣe é, torí àárọ̀ ni ara wọn máa ń burú jù. Ẹ kà á fún odidi ìṣẹ́jú kan, ẹ má ka ìdajì kí ẹ sọ ọ́ di méjì. Ẹ dúró tì í gbágbáágbá. Bó bá ní ojú òun ń ṣú, ẹ dá a dùbúlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àyẹ̀wò ti parí nìyẹn. Ẹ má sì ṣe dúró de ìgbà tó bá dákú kí ẹ tó gbà á gbọ́, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kì í dákú rárá.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá sáré lórí ìdúró ló ní àìsàn yìí. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, ọkàn rẹ̀ á sáré. Ẹni tó gbuuru láti àná, aboyún, ẹni tí gẹ̀gẹ̀ rẹ̀ ń da ara rẹ̀ láàmú, ẹni tí ibà ṣì wà lára rẹ̀, ẹni tó ti pẹ́ lórí ibùsùn, gbogbo wọn lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ yẹ gbogbo ìyẹn wò, iṣẹ́ yín ni, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Kó tó lè jẹ́ POTS, ó gbọ́dọ̀ ti bá ènìyàn fínra tó oṣù mẹ́ta, kí a má sì rí ìdí mìíràn tó fà á. Bákan náà, àgùnbánirọ̀ tó ṣubú lẹ́ẹ̀kan lórí pápá ní camp Asaya ní ọ̀sán gangan, oòrùn lè jẹ́ gbogbo ẹ̀bi. Ẹni tó ń rí i lójoojúmọ́, ní ilé ìdáná, ní ilé ìwẹ̀, lórí ìlà omi, ni mo ń sọ.

Ní ti ìtọ́jú, dókítà ló yẹ kó darí rẹ̀. Oògùn wà tí wọ́n ń lò, propranolol ní ìwọ̀n kékeré wà lára wọn, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni oògùn ń ṣe. Omi ni wọ́n kọ́kọ́ kọ fún ọmọ mi, lítà méjì sí mẹ́ta lójúmọ́, àti iyọ̀. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí dẹ́rù bà mí, torí àwa tí ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ẹbí wa, ẹ̀yin náà lẹ ń kìlọ̀ fún wa pé ká dín in kù. Gíráàmù 5 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ènìyàn má kọjá lójúmọ́. Tirẹ̀, wọ́n gbé e dé 8 sí 10, lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò tí wọ́n sì rí i pé kò ní bípì gíga. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bu iyọ̀ lá.

Wọ́n ní kí a ra ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀, èyí tó gùn dé ìbàdí. Owó rẹ̀ ga jù fún wa. Ìyá mi, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, gbọ́ pé nǹkan tó máa fún ikùn ni wọ́n ń wá, ó wọlé, ó mú òjá jáde, irú èyí tí a fi ń di ikùn abiyamọ, ó fi di ikùn ọmọ-ọmọ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ìdodo wá sókè. Ọmọ náà dúró nílé ìdáná títí ọbẹ̀ fi jinná. Nígbà tí a sọ fún dókítà, mo rò pé á bínú. Ó ní dídi ikùn máa ń ṣe ju dídi ẹsẹ̀ nìkan lọ, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń dúró sí ikùn pọ̀, kí a ṣáà ti máa tú u bó bá fẹ́ dùbúlẹ̀.

Ìyókù, ilé ló kọ́ wa. Àpótí wà nílé ìwẹ̀ báyìí, omi gbígbóná kò sì bá a lára mu mọ́, torí ooru ń ṣí òpó ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Orí ìjókòó ló ti ń bẹ iṣu, àbúrò bàbá rẹ̀ ló ń gún un. Kó tó dìde ní àárọ̀, á mu ife omi méjì lórí ibùsùn, á jókòó sí etí rẹ̀, á máa tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó gbéra. Bó bá gbọ́dọ̀ dúró, á fi ẹsẹ̀ kan há èkejì, á sì fún iṣan itan rẹ̀. Orí ẹní ló ti ń ṣe eré ìdárayá, ẹsẹ̀ lókè bí ẹni ń wa kẹ̀kẹ́, ìṣẹ́jú márùn-ún nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú báyìí. Kò tíì lọ pátápátá. Ṣùgbọ́n ó jókòó ṣe ìdánwò rẹ̀, ó yege, ó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga.

Ohun tí mo wá tọrọ gan-an nìyí. Lórí káàdì tí ẹ ń kọ bípì sí, ẹ fa ìlà kan kún un: ìlù ọkàn lórí ìdùbúlẹ̀, ìlù ọkàn lórí ìdúró. Mo mọ̀ pé èrò pọ̀ níwájú yín, pé nọ́ọ̀sì kan ló máa ń dá dúró ti odidi ilé ìwòsàn nígbà mìíràn, pé ìṣẹ́jú 20 kì í ṣe kékeré. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ni mo ní kí ẹ ṣe é fún. Ẹni tó bá padà wá lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú òòyì kan náà, tí òògùn ibà kò ràn, ẹ ṣe é fún ẹni yẹn. Bí iye náà bá gòkè, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ ó fi rán an lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Lọ́kọ́jà tàbí ní Ìlọrin, kí dókítà ibẹ̀ rí iye méjèèjì pọ̀, kí ó má tún lọ bẹ̀rẹ̀ láti orí àga.

Ọmọ mi ti ka lẹ́tà yìí kí n tó gbé e jáde, ó sì ní kí n fi èyí kún un. Ilé ìwòsàn èyíkéyìí nítòsí wa tó bá fẹ́ kí àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ fi ojú ara wọn rí bí àyẹ̀wò náà ṣe ń lọ, òun yóò wá lásìkò ìsinmi, òun yóò dùbúlẹ̀, òun yóò sì dìde dúró lẹ́bàá ògiri yín, kí ẹ gbé ìka lé ọrùn ọwọ́ òun, kí ẹ kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Àárọ̀ ni kí ẹ fi í sí. Kí bẹ́ẹ̀dì wà nítòsí, kí omi tútù sì wà nílẹ̀.